Nínú Ọkọ̀ Wo, Lójú Ọ̀nà Wo?

Bàbá, mo mọ̀ pé ariwo yẹn kò jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Àwọn ọmọ Yunifásítì FUTA tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ń wo ìje ọkọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, tí ọ̀rọ̀ sì di iyàn. Ọ̀kan ní Hamilton ni ọ̀gá gbogbo awakọ̀ tó ti wà rí. Èkejì ní irọ́ ni, Schumacher ni. Ẹ̀kẹta dákẹ́ títí, ó wá dárúkọ ẹnì kan tó ti kú kí wọ́n tó bí gbogbo wọn. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ẹ bi mí pé kí ló kan ọmọ Àkúrẹ́ nínú ẹni tó mọ ọkọ̀ wà jù nílùú òyìnbó, àti pé ta ló tiẹ̀ jàre nínú wọn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ rọrùn: ohun tó dùn kì í béèrè ìlú ẹni. Ìkejì ló gba sùúrù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ fi ọ̀pọ̀ ọdún wakọ̀ láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó, tí ẹ mọ gbogbo kọ́nà Ọ̀wẹnà àti Bọ́lọ́rundúró bí ẹní mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣòro fún yín.

Formula One ni wọ́n ń pe ìdíje náà. Ọdún 1950 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi dé ẹnì kan ládé lọ́dọọdún. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bíi Ferrari, Mercedes àti McLaren, ló ń ṣe ọkọ̀ tirẹ̀, awakọ̀ méjì ni wọ́n sì máa ń gbé e fún. Wọ́n á máa ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn; ní 2024, ẹ̀ẹ̀mẹrìnlélógún ni wọ́n díje. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìlà ìparí á gba máàkì 25, ẹni kejì á gba 18, ẹni kẹta 15, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa sọ̀ kalẹ̀ títí dé ẹni kẹwàá tó ń gba ẹyọ kan. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù lópin ọdún ló ladé. Wọn kò sá eré yìí ní Nàìjíríà rí. Ní gbogbo Áfíríkà, Kyalami ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti sá a gbẹ̀yìn, ní 1993. Jody Scheckter, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, nìkan ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tó dé adé náà rí, ní 1979.

Lewis Hamilton wá ńkọ́? Ìlú Stevenage ní Ìlú Ọba ni wọ́n ti bí i, ní 1985. Láti erékùṣù Grenada ni àwọn òbí bàbá rẹ̀ ti wá, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó wakọ̀ nínú ìdíje yìí. Ìje ọkọ̀ kì í ṣe eré tálákà. Bàbá rẹ̀ ṣe ju iṣẹ́ kan lọ kí ọmọ náà tó lè máa bá àwọn ọmọ olówó díje nígbà tó wà ní kékeré. Ẹ rí ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ ibí fi ń pe orúkọ rẹ̀ bí orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn. Adé méje ló ti dé: 2008, 2014, 2015, àti láti 2017 títí dé 2020. Michael Schumacher, ará Jámánì, ti dé méje ṣáájú rẹ̀: 1994, 1995, àti márùn-ún léraléra láti 2000 dé 2004. Adé wọn dọ́gba. Ìgbà tí a bá ka iye ìgbà tí kálukú wọn gba ipò kìíní ni Hamilton kọjá: títí di òpin 2025, ó ti ní 105, Schumacher sì ní 91. Èyí ni ọmọ àkọ́kọ́ ń kà sókè tí ẹ gbọ́ ariwo rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹjọ́ ti parí.

Kò tíì parí, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tí ẹ̀kẹta dárúkọ. Juan Manuel Fangio ni, ọmọ Ajẹntínà. Adé márùn-ún ló dé: 1951, àti láti 1954 dé 1957. Ẹni ọdún 46 ni nígbà tó gba èyí tó kẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlélógún péré ló gba ipò kìíní. Tí ẹ bá gbé 24 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 105, ẹ ó ní kí ni wọ́n ń fi wé ara wọn? Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mọkànléláàádọ́ta péré ni Fangio díje ní gbogbo ayé rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé nínú ìdíje méjì, ó ń mú ọ̀kan. Hamilton ti díje ju 350 lọ. Nínú mẹ́wàá, nǹkan bíi mẹ́ta ni tirẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n ní páàkì ọkọ̀: ẹni tó ń ná ọ̀nà lójoojúmọ́ á ní èrò tó pọ̀ ju ti ẹni tó ń ná an ní ọjọ́ ọjà nìkan lọ. Iye èrò kò sọ ẹni tó mọ iṣẹ́ jù.

Máàkì gan-an kì í ṣe òṣùwọ̀n tó dúró lójú kan. Nígbà Fangio, mẹ́jọ ni ẹni tó gba ipò kìíní ń gbà. Lónìí, 25 ni. Ní 1988, Ayrton Senna ọmọ Brazil àti Alain Prost ọmọ Faransé jọ wà nínú ẹgbẹ́ McLaren. Bí a bá ro gbogbo máàkì pọ̀, Prost ní 105, Senna ní 94. Ṣùgbọ́n òfin ìgbà náà ní ìdíje mọ́kànlá tí kálukú ti ṣe dáadáa jù nìkan ni kí wọ́n kà. Wọ́n kà á bẹ́ẹ̀, Senna di 90, Prost di 87, Senna ló sì gbé adé lọ sílé. Bí ẹni tó ń fi kóńgò wọn gàrí bá pààrọ̀ kóńgò láàárín ọjà, ta la fẹ́ bá jà?

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ọ̀nà tí kálukú wọn gbà. Nígbà Fangio, awakọ̀ kì í so bẹ́líìtì mọ́ra. Ìta gbangba ni orí rẹ̀ wà, igi àti bèbè sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń sáré. Ẹni tó bá ṣìnà díẹ̀, ikú ni. Jim Clark, ọmọ Scotland tó ti dé adé méjì, kú sínú ìje ní 1968. Senna tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kú ní Imola ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 1994, ní ọjọ́ kejì tí awakọ̀ mìíràn, Roland Ratzenberger, kú lójú ọ̀nà kan náà. Ikú àwọn ẹni wọ̀nyí ló mú kí wọ́n tún òfin ṣe, tí wọ́n tún ọ̀nà àti ọkọ̀ ṣe. Láti 2018, irin rìbìtì kan ló yí orí awakọ̀ ká. Ní 2021, lójú ọ̀nà ìje Monza, ọkọ̀ Max Verstappen, awakọ̀ ẹgbẹ́ Red Bull, gun orí ọkọ̀ Hamilton. Irin yẹn ló gba táyà náà dúró lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ayé Fangio ni, bóyá à bá má máa sọ̀rọ̀ 105 mọ́. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Adé Hamilton pọ̀ ju ti Fangio lọ, ṣùgbọ́n Fangio wa ọkọ̀ níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kú, ó sì bọ́ nínú rẹ̀ láàyè, ó darúgbó kó tó kú ní 1995.

Ibi tí iyàn náà ti le jù ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ní 2014, wọ́n yí òfin ẹ́ńjìnì padà. Mercedes ti múra sílẹ̀ ju gbogbo ẹgbẹ́ yòókù lọ. Nínú ìdíje 19 tó wáyé lọ́dún náà, wọ́n gba 16. Mẹ́fà nínú adé Hamilton, inú ọkọ̀ Mercedes ló ti dé wọn. Ti Schumacher kò yàtọ̀: ní 2004, òun nìkan gba 13 nínú ìdíje 18 pẹ̀lú Ferrari. Ní 2023, Verstappen gba 19 nínú 22 pẹ̀lú Red Bull. Ṣé awakọ̀ ló dára ni àbí ọkọ̀? Ní 2025, Hamilton kúrò ní Mercedes, ó lọ sí Ferrari. Odidi ọdún kọjá, kò sí ọjọ́ Àìkú kan tó parí ìje sí ipò kẹta, ká má tiẹ̀ wá sọ ipò kìíní. Ọkùnrin kan náà ni. Ó ti pé ogójì ọdún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn.

Báwo la ṣe máa wá yọ ọwọ́ awakọ̀ kúrò lára ọkọ̀? Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní èyí. Ẹ ti sọ fún mi rí pé bí ẹ bá fẹ́ mọ dírẹ́bà, ẹ kì í wo ẹni tó ń wa ọkọ̀ tuntun. Ẹ máa ń wo àwọn méjì tó jọ ń pín ọkọ̀ kan wà, ọ̀kan láàárọ̀, èkejì nírọ̀lẹ́: táyà ta ló ń tètè jẹ, búréèkì ta ló ń tètè tán, ta ló sì ń kó owó délé. Nínú Formula One, ẹnìkejì inú ẹgbẹ́ kan náà ni òṣùwọ̀n yẹn. Ní 2007, ọdún àkọ́kọ́ Hamilton, ẹ̀gbẹ́ Fernando Alonso ni wọ́n fi í sí, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé adé 2005 àti 2006. Àwọn méjèèjì parí pẹ̀lú máàkì 109. Kimi Räikkönen ní 110, ó gba adé mọ́ wọn lọ́wọ́. Kí ọmọ tuntun bá ọba dọ́gba bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ohun kékeré. Àmọ́ òṣùwọ̀n yìí ti gbé Hamilton ṣubú rí pẹ̀lú: Nico Rosberg borí rẹ̀ ní 2016, 385 sí 380, George Russell náà sì borí rẹ̀ ní 2024.

Òṣùwọ̀n yìí náà lábùkù. Ní Austria ní 2002, Rubens Barrichello, ẹnìkejì Schumacher ní Ferrari, ló wà níwájú rẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn pàṣẹ pé kó jẹ́ kí Schumacher kọjá, ó sì dẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ìlà ìparí ti wà lójú. Òǹwòran bú wọn. Ní Monza ní 1956, ọkọ̀ Fangio bàjẹ́. Peter Collins, ẹnìkejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́, tí òun náà ṣì lè gba adé ọdún yẹn, sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ọkọ̀ tirẹ̀ fún un, nítorí òfin gbà bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Adé 1956 di ti Fangio. Kò sí ọ̀gá nínú wọn tí ẹlòmíràn kò ti ọ̀nà kan tì lẹ́yìn.

Ẹ má sì rò pé nítorí ẹ́ńjìnì nìkan ni fífi èèyàn wéra fi ṣòro. Ẹ wo Tóbi Àmúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tiwa, tó ń fi ẹsẹ̀ sáré 100 mítà, tó ń fo ìdènà mẹ́wàá lọ́nà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ó sá a ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, kò sì sí obìnrin tó sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kan náà, ó tún sá a ní 12.06, ó gba wúrà. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń tì í lẹ́yìn kọjá mítà méjì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan tí òfin fàyè gbà, wọn kò ka àsìkò yẹn sí rẹ́kọ́ọ̀dù. Ṣáájú rẹ̀, Glory Alozie ló ni òkìkí eré yìí ní Nàìjíríà. 12.44 tó sá ní 1998 ni ó yá jù ní Áfíríkà títí Àmúsàn fi sá 12.42 ní 2021. Ẹni tó bá fi aago wọ̀n ọ́n á ní Àmúsàn ni. Ẹni tó bá fi Òlíńpíìkì wọ̀n ọ́n á rántí pé Alozie gba fàdákà fún Nàìjíríà ní Sydney ní 2000, nígbà tí Àmúsàn ṣe ipò kẹrin ní Tokyo, tí kò sì wọ ìdíje àṣekágbá ní Paris. Ẹlòmíràn á tún mú ọ̀rọ̀ bàtà wá, nítorí bàtà ayé ìsinsìnyí fúyẹ́, ó sì ń ta ẹsẹ̀ ju ti ayé Alozie lọ. Ẹ rí i? Bàtà ni ọkọ̀ níbẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ni ọ̀nà.

Nítorí náà, ta ló jàre nínú àwọn ọmọ wa? Ìdáhùn mi ni pé wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ iyàn kan náà. Ọ̀kan ń ka iye, èkejì ń rántí bí Schumacher ṣe borí gbogbo ayé fún ọdún márùn-ún gbáko, ẹ̀kẹta ń wo ohun tí ọkùnrin kan là kọjá. Ohun tí wọn kì í sọ lẹ́nu ni kókó ọ̀rọ̀: "ó jù ú lọ" kò tíì pé gbólóhùn, àfi tí a bá fi "nínú kí ni" sí i. Bí ẹ bá ní kí èmi náà sọ tèmi, ìwé Hamilton ló gùn jù. Ṣùgbọ́n Fangio gba adé márùn-ún nínú ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ mẹ́rin: Alfa Romeo, Maserati, Mercedes àti Ferrari. Ọkọ̀ ń yí padà, ọwọ́ rẹ̀ kò yí. Bí mo bá ń wá ẹni tí n óò gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí n kò mọ̀ rí fún, òun ni.

Bàbá, ẹ̀yin náà máa ń sọ pé kò sí dírẹ́bà mọ́ láyé, pé àwọn tó wa bọ̀lẹ̀kájà kó kòkó jáde ní Oǹdó nígbà tí ọ̀nà ṣì jẹ́ ilẹ̀ pupa ni dírẹ́bà. N kò bá yín jiyàn rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún sọ ọ́ ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ẹ má bínú tí àwọn ọmọ yàrá ẹ̀yìn bá bi yín: nínú ọkọ̀ wo, lójú ọ̀nà wo, ta sì lẹ fi wé wọn?