Báàgì kámẹ́rà, àti sọ́fítíwíà tí a jí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fọ́tò fún ìgbádùn ara yín, ẹ gun ọ̀kadà láti Kúta lọ sí Ìwó lásìkò ọyẹ́, kí síìpù báàgì yín má pa dé. Eruku á ti wọ ara lẹ́ńsì kí ẹ tó dé ọjà Odò-Orí.

Báàgì tó dáa kò ní kó wọ́n. Fóòmù tó nípọn nísàlẹ̀, síìpù tó pa dé, aṣọ òjò tí ẹ lè fà bò ó, ó tán. Kó má sì kọ orúkọ kámẹ́rà gàdàgbà sára. Olè náà mọ̀wé kà.

Ti sọ́fítíwíà ló ń dùn mí. Oṣooṣù ni Adobe ń gbowó Lightroom, owó náà sì wúwo. Ni àwọn ọ̀rẹ́ wa bá ń lo èyí tí wọ́n ti crack. Àwọn yìí kan náà ló máa pariwo lórí Facebook pé wọ́n jí fọ́tò àwọn! Èmi tí mo ka òfin, ẹ gbọ́ mi: Copyright Act 2022 tó dáàbò bo fọ́tò yín náà ló dáàbò bo sọ́fítíwíà. Àbí ti yín nìkan ló ní olówó?

Ọ̀fẹ́ kúkú wà. Darktable àti GIMP wà fún kọ̀ǹpútà, Snapseed wà fún fóònù. Darktable á kọ́kọ́ dàrú mọ́ yín lójú, mi ò ní parọ́. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú òjìji kúrò lójú bàbá tó dé fìlà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń yọ dọ́là nínú àkáǹtì mi lóṣooṣù.