Kókó Inú Ẹ̀dọ̀ Tí Kì Í Ṣe Jẹjẹrẹ

Bí wọ́n bá ti ní kókó wà nínú ẹ̀dọ̀ ẹnì kan, ẹkún la máa ń kọ́kọ́ sun. Ẹ jẹ́ ká yé ara wa.

Kì í ṣe gbogbo kókó ni jẹjẹrẹ. Ọ̀pọ̀ ò tilẹ̀ gba iṣẹ́ abẹ. Dókítà á kàn máa fi síkáànì ṣọ́ ọ ni. Àmọ́ bó bá tóbi, tó tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Ẹ wo Èbúté wa: bí koríko orí omi bá dí ọ̀nà, ọkọ̀ ò lè gúnlẹ̀, èrò á há. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń há: omi lè kún ikùn, ẹsẹ̀ lè wú.

Iṣẹ́ abẹ ló ń ṣí ọ̀nà náà. Dókítà á di iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀ mú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà jù, á sì gé kókó kúrò. Dókítà Pringle ti Glasgow ló kọ ọgbọ́n dídi iṣan mú yìí sílẹ̀ lọ́dún 1908. Ọpẹ́ ni pé bí ẹ̀dọ̀ tó kù bá dá ṣáṣá, á tún dàgbà padà.

Nítorí náà, bí ikùn bá ń wú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ ra á. Kókó lè bẹ́ sínú. Ẹ má dá àgbo mu. Ẹ lọ sí Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú; bó bá gba bẹ́ẹ̀, wọ́n á kọ ìwé fún yín lọ sí LASUTH n'Ìkẹjà tàbí LUTH n'Ídì-Àràbà. Ẹ má dúró dìgbà tí ọjà bá tú o. Ìlera lọrọ̀.