Àtọ̀mù, Kálámù àti Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé láìsí ẹ̀rọ olówó gọbọi, kò sí ìwádìí lórí ìmọ̀ kúáńtọ́ọ̀mù, ìyẹn ìmọ̀ nípa ìṣesí àtọ̀mù. Iṣẹ́ Ọ̀mọ̀wé M. O. Ògúndìran, onímọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀: ìṣirò ni irinṣẹ́ wọn, kálámù kì í sì í dúró de iná mọ̀nàmọ́ná.

Lọ́dún 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n G. O. S. Ekhaguere ti Yunifásítì Ìbàdàn gbé irú ìṣirò kan jáde. Kò ya ọ̀nà kan ṣoṣo fún ohun tí a kò lè sọ ìrìn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà ló ṣí sílẹ̀ fún un. Ògúndìran àti E. O. Ayọ̀ọlá ti Ìbàdàn wá bèèrè pé: èwo nínú wọn ni ibi tó parí sí dára jù? Ẹni tó bá fẹ́ darí àtọ̀mù kò lè sá fún ìbéèrè yìí. Iṣẹ́ wọn jáde nínú Journal of Mathematical Physics lọ́dún 2010.