Omi Tí Àlejò Òmùwẹ̀ Ń Bèèrè

Nílẹ̀ Yorùbá, bí àlejò bá wọlé, omi tútù ni a kọ́kọ́ ń gbé fún un kí a tó bèèrè ohun tí ó bá wá. Ṣùgbọ́n bí àlejò náà bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá díje nínú ìlúwẹ̀ẹ́, omi inú ife kò tó. Omi tí yóò wọ̀, tí yóò sì jáde nínú rẹ̀ láyọ̀, ni ó ń bèèrè lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde àti ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ wa. Ọdún 2026 ni a yàn fún Ìdíje Òlíńpíìkì Àwọn Ọ̀dọ́ ní Dakar, ní Sẹ̀nẹ̀gàl, èyí tí ó jẹ́ ìdíje Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Ìlúwẹ̀ẹ́ wà lára rẹ̀, àwọn tí yóò díje kò sì ju ọmọ ọdún 17 lọ: ẹgbẹ́ àwọn ọmọ wa ní kíláàsì àgbà ni wọ́n. Nàìjíríà pẹ̀lú ti gba òmùwẹ̀ Áfíríkà lálejò rí, ní Èkó ní 1973 àti ní Àbújá ní 2003.

Àwa ará Ọ̀fà tí a mọ̀ mọ́ ìjàkadì mọ̀ pé ẹni tí ó pe ìjà ní láti ṣa òkúta kúrò lójú agbo kí oníjà tó dé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni adágún omi ìdíje rí. Mítà 50 ni gígùn rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dín, nítorí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá lè ya ẹni tí ó borí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹnì kejì. Omi náà gbọ́dọ̀ mọ́ débi pé ẹni tí ó dúró létí rẹ̀ yóò rí ìsàlẹ̀ kedere. Àwọn àsíá kéékèèké tí a ta kọjá lórí omi kì í ṣe ọ̀ṣọ́: mítà 5 ni wọ́n fi jìnnà sí ògiri, kí ẹni tí ó ń fi ẹ̀yìn lúwẹ̀ẹ́ má baà forí sọ ọ́. Ní ti oúnjẹ, ìyá tí ó bá gún iyán fún wọn nígbà tí ìdíje ku wákàtí kan kò ṣe wọ́n lóore, bí ọbẹ̀ rẹ̀ ti wù kí ó dùn tó.

Àwọn òǹwòran náà wà lára olùgbàlejò. Ní Sydney ní ọdún 2000, Eric Moussambani láti Equatorial Guinea nìkan ni ó kù fún mítà 100, nítorí pé àwọn méjì tí ó yẹ kí wọ́n bá a díje ti bẹ́ sómi kí a tó fún wọn láṣẹ. Kò tíì pé ọdún kan tí ó ti ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, kò sì rí adágún onímítà 50 rí kí ó tó débẹ̀. Nígbà tí agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àwọn èrò hó yèè láti gbà á níyànjú títí ó fi kan ògiri ní ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 52.72. Ó padà di olùkọ́ àwọn òmùwẹ̀ ìlú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n olùgbàlejò tí kò lè wọ omi tirẹ̀, kí ni yóò ṣe bí àlejò bá ń rì? A ń gbàdúrà fún àlejò wa, kò sì yẹ kí a ṣíwọ́. Síbẹ̀ àdúrà kò gba ipò ẹni tí ó mọ ìlúwẹ̀ẹ́ tí ó jókòó létí omi. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ ojú omi tí ó ń kó àwọn tí ó ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ dànù lórí odò Ọya, lápá Pàtígi ní ìpínlẹ̀ wa yìí. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó bá a lọ. Ẹ̀wù tí ń gbé ènìyàn léfòó ni ó kọ́kọ́ yẹ kí ó wà lára èrò ọkọ̀, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti mọ bí a ṣe ń léfòó ní ohun tí yóò ṣe kí ìrànlọ́wọ́ tó dé.

Adágún kan wà ní pápá ìṣeré ìpínlẹ̀ ní Ìlọrin. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀: kí àwọn ọmọ lọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ nígbà ìsinmi lọ́dọ̀ ẹni tí ó mọṣẹ́, kí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń léfòó kí wọ́n tó kọ́ bí a ṣe ń yára. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ẹ ti kọ́ ọ, nílé tàbí lókè òkun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ yín sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ kí àjọ̀dún yìí tó parí.