Odi Ní Bodè, Bodè Ní Oníbodè



Láti bí ogójì ọdún tí mo ti ń dá Ifá, n kò tíì yan ẹbọ fún ẹni tí n kò tíì gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣánlẹ̀ fún. Ìjọba wa ṣe irú rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2018. Wọ́n fa Sisiku Ayuk Tabe àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ti tọrọ ààbò lọ́dọ̀ wa. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábùjá ní ó lòdì sófin.

Mi ò ní ká ṣí ẹnubodè sílẹ̀ gbayawu o. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé ló tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, síbẹ̀ wọ́n mọ odi yí i ká. Ṣùgbọ́n odi náà ní bodè. Nígbà tí ogun tú Òwu, tí àwọn ará ibẹ̀ ń wá ibi ìsádi, Ṣódẹkẹ́ gbà wọ́n.

Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti 1969 kò ya ọ̀rọ̀ méjèèjì nípá: a kò gbọdọ̀ lé ẹni tó ń sá àsálà padà lẹ́nubodè, òun náà kò sì gbọdọ̀ ti ilé onílé dìtẹ̀ sí ìlú rẹ̀. Bí a bá fẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kàn án, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀ nílé ẹjọ́. Iṣẹ́ oníbodè ni kó béèrè kó tó ti ilẹ̀kùn.

Kí Èṣù Ọ̀dàrà bá wa ṣọ́ bodè. Kí ogun má sọ wá di ìsáǹsá. Àṣẹ.