Òótọ́ àbí irọ́? Ọmọ tí ẹ̀rọ ń bá mí, ọpọlọ rẹ̀ ńkọ́?

"Bí nọ́ńbà tó ń yọ láti ẹsẹ̀ ọmọ bá ti dára, ọpọlọ rẹ̀ ti rí ọ́síjìn tó tó."

Irọ́ ni, irọ́ yìí ló sì ń kọ mí lóminú jù. Pulse oximeter tí wọ́n wé mọ́ ẹsẹ̀ ìkókó ń sọ bí ọ́síjìn ṣe kún inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ọkàn bọ̀. Kò sọ iye ẹ̀jẹ̀ tó dé orí. Nọ́ńbà lè wà ní 95, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ sílẹ̀ tàbí kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má tó, ọpọlọ á sì máa jìyà.

Ẹ̀rọ tó ń bá a mí pàápàá lè dá kún un. Tó bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lágbára jù tàbí léraléra jù, á gbá kábọ́ọ̀nù dàìọ́ksáìdì jáde lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ìdọ̀tí lásán ni afẹ́fẹ́ yẹn, pé bó bá ti tètè jáde tán ló dáa. Bẹ́ẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ là dáadáa. Bó bá dín kù jù, iṣan á fún, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sórí á sì dín kù, nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń ka 95.

"Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń tàn sí iwájú orí ọmọ ń ba ọpọlọ jẹ́."

Irọ́. Kì í ṣe X-ray; ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wo ọ́síjìn inú ọpọlọ ni. Ní 1977, Frans Jöbsis ti Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà fi hàn pé irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú wa kò lè rí máa ń gba inú awọ àti egungun kọjá, àti pé ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn kì í gbà á mọ́ra bíi ti èyí tí kò ní. Egungun orí ìkókó fẹ́lẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ṣeé lò fún un. Ẹ̀jẹ̀ tó ti fún ọpọlọ ní ọ́síjìn tán ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ̀rọ yìí ń kà, nítorí náà kí ìyá tó bá rí 70 níbẹ̀ má fòyà. Awọ ọmọ tí kò pé oṣù nìkan ni kí nọ́ọ̀sì máa ṣọ́, torí ó tètè ń bó.

"Ọ́síjìn kì í pọ̀ jù."

Irọ́ yìí ti fọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ lójú. Ní 1951, Kate Campbell, dókítà ọmọdé ní Melbourne, kọ ọ́ pé ọ́síjìn àpọ̀jù wà lára ohun tó ń sọ àwọn ọmọ tí kò pé oṣù di afọ́jú. Àmọ́ àwọn ìwádìí òde òní tún rí i pé tí wọ́n bá mú nọ́ńbà ẹsẹ̀ yẹn wálẹ̀ sí 85 sí 89, ikú ń pọ̀ sí i. Láàárín 90 sí 95 ni ọ̀pọ̀ dókítà ń gbé e sí báyìí.

"Wíwo ọ́síjìn ọpọlọ ń gba ẹ̀mí là."

Kò tíì yé wa débẹ̀. Gorm Greisen àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Copenhagen, Denmark, ṣe ìwádìí tí wọ́n pè ní SafeBoosC. Èyí tó jáde ní 2015, lórí ọmọ 166, dín àkókò tí ọ́síjìn ọpọlọ fi lọ sílẹ̀ jù kù gan-an. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Èyí tó tẹ̀ lé e, lórí ọmọ 1,601 tí wọ́n bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 28, jáde ní 2023: ìdá 35.2 nínú 100 àwọn tí wọ́n ń wo ọpọlọ wọn ló kú tàbí ní ìpalára ọpọlọ tó le. Ti àwọn yòókù jẹ́ 34.0. Kò sí àǹfààní tó hàn. Mo yìn wọ́n pé wọn kò fi pamọ́.

Nítorí náà, òbí tí ilé ìwòsàn rẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta kò ní ẹ̀rọ tó ń wo ọpọlọ yìí, kí ó má ṣe rò pé wọ́n ti rẹ́ ọmọ òun jẹ. Pulse oximeter lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan àti ọ́síjìn tí kì í tán lóru ni kí á kọ́kọ́ jà fún.

"Òbí kì í béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ."

Irọ́. Ẹ béèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, àárín nọ́ńbà wo lẹ fẹ́ kí ó wà? Ìgbà wo lẹ yẹ kábọ́ọ̀nù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kẹ́yìn? Ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó?"