Wàrà Tí Kò Ti Ara Màlúù Wá

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn òbí máa ń gbé wá bá àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní Ṣáṣá níhìn-ín, tí ó yẹ kí a là yé ara wa. Wọn a ní inú ọmọ àwọn ń kùn, ó ń run ún, ìgbẹ́ gbuuru kì í sì í jẹ́ kí ó gbádùn, nígbàkúùgbà tí ó bá mu tíì oníwàrà tàbí tí ó bá jẹ wàràkàṣì. Àwọn kan á ti máa fura sí ará ilé. Àwọn mìíràn á ní ọmọ náà ń díbọ́n ni. Àdúrà kò ní tán lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a torí ọ̀ràn ìfun fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

Súgà kan wà nínú wàrà màlúù tí a ń pè ní láktóòsì. Nínú ife tó gba 250 mílílítà, ó tó nǹkan bí gíráàmù 12. Kí ara tó lè lò ó, èròjà kan tí ń jẹ́ láktéèsì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pín in sí wẹ́wẹ́ nínú ìfun kékeré. Ọmọ ọwọ́ ní láktéèsì púpọ̀, nítorí súgà kan náà ló wà nínú wàrà ọmú ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá já a lẹ́nu ọmú, èròjà yìí a máa dín kù díẹ̀díẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Láktóòsì tí kò bá dà a sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìfun ńlá, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ń gbé ibẹ̀ a sì mú un kan. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ti ń wá.

Ní ọdún 1971, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí ń jẹ́ Lancet tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí láàrin àwọn ẹ̀yà ilẹ̀ Nàìjíríà. Lára àwọn tó ṣe é ni Dókítà Norman Kretchmer láti Amẹ́ríkà, àti Dókítà Olikoye Ransome-Kuti, ọmọ Àlùfáà Ransome-Kuti tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ní Abeokuta Grammar School, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ di Mínísítà Ètò Ìlera ní 1985. Wọ́n fún àwọn ènìyàn ní láktóòsì mu, wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò bóyá súgà inú rẹ̀ lọ sókè. Láàrin Yorùbá àti Ìgbò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àgbàlagbà ni kò lè lò ó. Láàrin àwọn Fúlàní darandaran, àwọn tó lè lò ó ló pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹni tí inú rẹ̀ kọ wàrà kì í ṣe aláìsàn; bí a ti dá ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa nìyẹn. Ọ̀pọ̀ sì tún lè mu ìwọ̀nba rẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ láìsí wàhálà.

Ṣùgbọ́n ohun kejì wà tí a kò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ èyí. Ara àwọn ọmọ kan ń bá purotíìnì inú wàrà jà. Tiwọn kì í mọ sí inú rírun: ara lè sú, ètè lè wú, èémí sì lè há. Èyí lè gba ẹ̀mí. Ilé ìwòsàn ni ibi tí a ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ, kíákíá.

Ìyàtọ̀ yìí ló yẹ kí ó máa tọ́ wa bí a bá ń wá ohun tí a ó fi rọ́pò wàràkàṣì, oúnjẹ tí Jésè fi mẹ́wàá rẹ̀ rán Dáfídì sí olórí ogun. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń fi omi ewé bomubomu dì ṣì ní láktóòsì nínú, nítorí omi rẹ̀ kò tíì gbẹ tán. Wàràkàṣì líle tí a fi pamọ́ fún oṣù púpọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní in mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà yóò sì rí èyí tí a kọ "lactose-free" sí lára: wàrà màlúù ni, láktéèsì ni wọ́n fi pín súgà inú rẹ̀. Ó dára fún ẹni tí inú rẹ̀ ń run. Ewu ni fún ọmọ tí ara rẹ̀ ń bá purotíìnì wàrà jà. "Dairy-free" ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń wá, èyí tí a fi sóyà, kajú tàbí òróró àgbọn ṣe. Ti òróró àgbọn kì í sábà ní purotíìnì tó nǹkan.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni wàrà sóyà. Ní àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn sapá púpọ̀ láti kọ́ àwọn ará ilé bí a ṣe ń se sóyà ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Nínú 100 gíráàmù sóyà gbígbẹ, purotíìnì tó nǹkan bí gíráàmù 36. Ẹ ṣà á, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ fi omi pò ó, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì se omi funfun náà kí ó hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, ẹ máa rò ó. Ẹ má ṣe dín àkókò yìí kù, nítorí sóyà tútù kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà dáadáa. Bí ó ti gbóná, ẹ da omi ògì kíkan tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dì. Ẹ dà á sínú aṣọ, ẹ fi ohun wíwúwo tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ ro, ẹ gé e, ẹ fi iyọ̀ sí i, kí ẹ sì dín in. Láktóòsì kankan kò sí nínú rẹ̀.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta ló kù. Kálísíọ̀mù tí egungun nílò kò pọ̀ nínú wàrà sóyà báyìí bíi ti màlúù. Ẹ fi ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegunteegun àti ẹ̀fọ́ kún un. Omi sóyà tí a ṣe nílé kò lè rọ́pò ọmú fún ọmọ ọwọ́. Ara àwọn kan sì ń bá sóyà náà jà. Díẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi tọ́ ọmọ wò.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá mọ̀ pé inú tàbí ara ọmọ yín kò gba wàrà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún olùtọ́jú ilé ibùgbé kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì sọ irú èyí tí ó jẹ́ nínú méjèèjì. Kí Olúwa tí ń bọ́ gbogbo ẹ̀dá fi ìlera ṣe ìpín àwọn ọmọ wa.